Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ bá wú



Bàbá kan ní Kétu níhìn-ín bi wá bóyá kí òun pe olóòlà wá fún ọmọ òun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ara rẹ̀ ti gbóná fún ọjọ́ mẹ́jọ, bèlúbèlú rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé ẹ̀kọ mì, kókó so sí ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n lo ògùn ibà, kò gbọ́. Wọ́n ra amoxicilline lọ́jà, ara rẹ̀ bá sú pupa. Ni àwọn ará ilé bá ní kí wọ́n gé ọ̀fun náà.

A bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun kì í dá bọ̀rọ̀, abẹ tí kò mọ́ sì lè kó tétanos ran ọmọ.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kì í ṣe ibà. Mononucléose ni. Ní 1964 ni Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára ọmọ kan ní Ùgáńdà. Itọ́ ni ó ń bá rìn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó o kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, láti inú igbá omi kan náà tàbí oúnjẹ tí ìyá jẹ kúnná fún wọn, kì í sì í sábà hàn. Ẹni tí ó bá bọ́ nígbà náà ni ó ń dá gúnlẹ̀ nígbà ọ̀dọ́. Àwọn Faransé ń pè é ní àrùn ìfẹnukonu. Ẹ má torí orúkọ yìí fẹ̀sùn kan ọmọ yín. Ní sẹ́mínárì, ife kan ni àwa púpọ̀ fi ń mu omi!

Kò sí ògùn tí ń pa kòkòrò yìí. Amoxicilline kò ràn án. Òun gan-an ló mú kí ara ọmọ náà sú. Ṣùgbọ́n ọ̀fun wíwú mìíràn wà, ti streptocoque, tí ó lè ba ọkàn jẹ́ bí a kò bá fi pénicilline wò ó tán. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ọjà. Ìsinmi, omi púpọ̀ àti paracétamol ní ìwọ̀n ni ìtọ́jú mononucléose. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirine. Bí kò bá lè mí dáadáa, tàbí tí kò lè gbé omi mì, ẹ gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ọlọ inú, lábẹ́ ìhà òsì, a máa wú pẹ̀lú. Bí nǹkan bá gbá a, ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dà sí ikùn. Nítorí náà, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí ìjàkadì, kò sí ẹrù wíwúwo fún oṣù kan ó kéré tán. Bí ìhà òsì bá ṣàdédé dùn ún gan-an, ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọmọ náà ti ń jẹun báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ti gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sórí àjà. Ó ń bínú, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.