Ilé Iṣẹ́ Rédíò Náà Jẹ̀bi

Tan rédíò ní ìdájí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wàá ti gbọ́ nípa àgbo kan ṣoṣo tó ń wo ìtọ̀ súgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìju àti jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹlẹ́rìí á pè, á ní ìgò méjì péré lòun lò. Sọrọ̀sọrọ̀ á figbe ta, "Háà! Ẹ ò gbọ́ bí?", àfi bí ẹni tí kò gbowó lọ́wọ́ olóògùn.

N kò bá olóògùn wí lónìí. Ẹni tó ta àsìkò orí afẹ́fẹ́ fún un ni mo ń bá wí.

Òfin ti wà tipẹ́. Láti ọdún 1974 ni òfin oúnjẹ àti oògùn ti to orúkọ àwọn àìsàn kan sílẹ̀, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ polówó ọjà fáráyé pé ó ń wò wọ́n. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, dé ní 1993. Òfin ọdún 2022 ti ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó, ní kí ìpolówó gba àṣẹ kó tó jáde. Kí wá ni ARCON fi ariwo rẹ̀ ṣe lọ́dún náà? Ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ojú àti ohùn àjèjì ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìpolówó wa mọ́. Ó dára, àwọn òṣèré wa ríṣẹ́ ṣe. Irọ́ tí wọ́n wá fi ojúlówó Yorùbá pa ńkọ́?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni nọ́ńbà NAFDAC tí wọ́n ń kà bí ẹni ń ki oríkì. Ọ̀pọ̀ àgbo tó ní nọ́ńbà yẹn, NAFDAC kàn gbà pé kò léwu láti mu ni, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé ó ń wo àìsàn kankan. Kódà, ó pàṣẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé òun kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ọ́, ní lẹ́tà tíntìntín. Lórí rédíò, nọ́ńbà nìkan lẹ máa gbọ́. Ìyá tó ń gbọ́ á gbà pé ìjọba ti jẹ́rìí sí i, á sì pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì. Ìtọ̀ súgà kì í pariwo. Ojú àti kíndìnrín ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀rọ̀ á fi di ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n á ní mò ń gbógun ti ìṣègùn ìbílẹ̀. Ó tì o. Ojúlówó oníṣègùn kì í po àgbo fún ẹni tí kò fojú rí. Á wádìí àìsàn kó tó já ewé. Àwọn tó ń fi ìgò kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú ló ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́.

Ilé iṣẹ́ rédíò á ní díṣẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, owó àgbo ló ń gbé àwọn ró. Òótọ́ ni, díṣẹ́ẹ̀lì wọ́n. Oògùn ìtọ̀ súgà náà wọ́n.

Kí NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò: ilé iṣẹ́ tó bá gbé ìpolówó ìwòsàn tí kò gba àṣẹ sáfẹ́fẹ́, ìlọ́po méjì owó tó gbà ni yóò fi san ìtanràn. Kí sọrọ̀sọrọ̀ tó ní òun náà mu ún wá sọ níwájú adájọ́ àìsàn tó ń ṣe é.