Ẹ Gbé Òògùn Ẹ̀fọn Kúrò Nídìí Òdòdó

Òjò oṣù Kẹfà ló máa ń tú àṣírí òdòdó inú ìkòkò ní Àgọ́ Palace. Kí òjò náà tó dá, àmì dúdú roboto ti bo ewé ọ́kíìdì tí wọ́n fi owó gọbọi rà, òmíràn sì ní òrùka yẹ́lò yí i ká. Ohun tí onílé kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí ni ìgò òògùn ẹ̀fọn. Èmi ò fara mọ́ ọn, ó sì yẹ kí àwa tá a jókòó sí kíláàsì nípa àrùn ewéko lè sọ ìdí rẹ̀ fún aládùúgbò wa.

Dichlorvos tó wà nínú irú òògùn bẹ́ẹ̀, iṣan ara kòkòrò ló ń bá jà. Cercospora àti Colletotrichum tó ń fa àmì yìí, ìbátan olú ni wọ́n. Wọn ò ní iṣan kankan. Ewé ò ní sàn, àwọn ọmọ inú ilé ló máa fa májèlé símú. Kì í ṣe lásán ni NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019.

Omi ni kẹ́ ẹ bi léèrè. Hóró olú wọ̀nyí fẹ́ omi tó dúró sórí ewé fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó hù. Nínú igbó wa, Ansellia africana ń gbé orí igi, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn sì ń tètè gbẹ ewé rẹ̀ bí òjò bá dá. Ní Àgọ́ Palace, a rì í mọ́ yẹ̀pẹ̀ dúdú, a tò ó mọ́ra sáàárín fẹ́ǹsì méjì, a wá ń da omi lé e lórí láago mẹ́wàá alẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ há mọ́ ọ̀nà Erékùṣù ò lè tètè délé. Kò burú. Àárọ̀ kùtùkùtù, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó fún ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì. Ìdí ni kẹ́ ẹ bu omi sí, kì í ṣe ewé. Èédú àti háhá àgbọn ló yẹ kó wà nínú ìkòkò, ihò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ gé ewé tó ti bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kó jẹrà sídìí ìkòkò. (Bó bá jẹ́ apá tí oòrùn ń pa nìkan ló ṣí funfun, tí kò sì tàn, oòrùn ló jó o.)

Ọ̀bẹ ni mo bẹ̀rù jù. Fáírọ́ọ̀sì máa ń bá ojú ọ̀bẹ lọ láti ìkòkò kan dé èkejì, kò sì sí òògùn tó ń wò ó. Ẹ fi iná jó ojú ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó kan ewéko mìíràn. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá ti mú, ẹ jù ú nù, bó ti wù kó wọ́n tó, ẹ má sì fún aládùúgbò ní ọmọ rẹ̀ gbìn.