Ohun Tí Ojú Wọn Kò Rí Ni Ọwọ́ Wọn Yà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ máa gbé mì mọ́. Nígbà tí a bá ń ka Lettres persanes, tí Montesquieu tẹ̀ jáde ní 1721, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wa, a máa ń bi wọ́n pé: kí ni hárẹ́mù? Wọn a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọn a ní ilé tí àwọn obìnrin ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń dùbúlẹ̀ de ọba ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò dé Istanbul rí. Àwa tí a ń kọ́ wọn kò dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Montesquieu fúnra rẹ̀ kò dé ilẹ̀ Páṣíà tí ó fi ìtàn rẹ̀ sí. Lójú òǹkàwé Faransé, ilé ọkùnrin Páṣíà àti ààfin ọba Tọ́kì, ọ̀kan náà ni wọ́n: sérail. Àwòrán tí wọ́n fi ọkàn yà ni ó wọ inú ìwé. Láti inú ìwé ni ó ti wọ orí wa. Àwa náà sì ń fi lé ọmọ wa lọ́wọ́ bí òtítọ́.

Ta ni ó ya àwòrán yìí? Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Ingres. Ní 1814, ó ya La Grande Odalisque fún Caroline Murat, àbúrò Napoleon, tí ó jẹ́ olorì ìlú Naples: obìnrin kan ní ìhòòhò, tí ó kẹ̀yìn sí wa, tí ó sì ń wò wá láti orí èjìká. Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1819, àwọn olùlámèyítọ́ bú u pé ẹ̀yìn obìnrin náà gùn jù, bí ẹni pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lé. Wọ́n ka eegun. Wọn kò béèrè bóyá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà. Ní èdè Tọ́kì, oda ni yàrá. Odalık, láti ìpìlẹ̀, ni ìránṣẹ́bìnrin inú yàrá. Àwọn Faransé ni ó bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ náà.

Ní 1862, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, Ingres yìí kan náà parí Le Bain turc, ilé ìwẹ̀ tí ó kún fún obìnrin oníhòòhò. Kò tẹ ilẹ̀ Tọ́kì rí. Inú àwọn lẹ́tà Lady Mary Wortley Montagu, aya ikọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti rí ohun tí ó yà. Obìnrin yìí wọ ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin ní Sofia ní 1717. Ó kọ ọ́ pé wọn kò wọ aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé òun kò rí ìwà àìtọ́ kankan láàrin wọn: wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń mu kọfí, àwọn ìránṣẹ́ wọn ń di irun fún wọn. Ó fi ibẹ̀ wé ilé kọfí tí àwọn ọkùnrin ti ń gbọ́ ìròyìn ìlú. Ingres mú ìhòòhò nínú ẹ̀rí yìí, ó fi ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àlejò a máa lójú gànràn-gànràn, kò fi ríran. Ingres kò tilẹ̀ ṣe àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ti tó láti kìlọ̀ fún wọn. Láti inú gbòǹgbò èdè Lárúbáwá tí a ti rí haráàmù, tí gbogbo mùsùlùmí Àjàṣẹ́ mọ̀, ni hárẹ́mù ti wá: ibi tí a yà sọ́tọ̀, tí ẹsẹ̀ àjèjì kò gbọdọ̀ tẹ̀. Gbòǹgbò yìí náà ni ó wà nínú orúkọ mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà.

Kí ni ó wà lẹ́yìn ògiri náà ní ààfin Topkapı? Agbo ilé ọba ni, tí ó ní òfin, ipò àti ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Owó ojúmọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé ìṣúra, púpọ̀ nínú wọn kò sì bá súlútánì sùn rí: iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá súlútánì, tí wọ́n ń pè ní valide sultan, ni olórí wọn. Kösem di agbára ìjọba mú fún ọmọ rẹ̀ ọmọdé, Murad Kẹrin, ní 1623; ó tún dì í mú fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní 1648, títí wọ́n fi pa á nínú ìjà ààfin ní 1651. Hürrem, aya Süleyman, dá ilé oúnjẹ àwọn aláìní sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Safiye àti Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà, wọ́n sì fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ara wọn. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni ó dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù Ingres?

Àwọn tí ń káàánú obìnrin Tọ́kì ńkọ́? Ìwé òfin Faransé ti 1804 pàṣẹ pé kí aya máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Títí di 1907, owó iṣẹ́ aya kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Títí di 1965, kò lè ṣí àpò owó ní báńkì láìgba àṣẹ ọkọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ottoman ti ń ní ilé àti ilẹ̀ ní orúkọ ara wọn, tí wọ́n sì ń gbèjà rẹ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tí Zeyneb Hanoum, obìnrin Tọ́kì, ṣe àbẹ̀wò sí ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù, ó bá àwọn obìnrin lẹ́yìn àgánrándì irin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1913 pé hárẹ́mù nìyẹn. Ọdún 1917 ni wọ́n tó yọ irin náà.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé à ń fi ẹwà bo ìwà ìkà. Rárá o. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin náà, tí a kó láti ilé bàbá wọn. Ìwẹ̀fà tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn, ọmọ Áfíríkà ni, tí a ti tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré. A kò ní gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ayàwòrán náà gan-an nìyí: wọ́n sọ ìgbèkùn di fàájì. Ẹrú inú àwòrán wọn kì í sunkún. Ó ń dúró de ẹni tí yóò wò ó. Wọ́n fi agbára àwọn obìnrin náà pamọ́, wọ́n sì fi ìyà wọn pamọ́ pẹ̀lú.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀rọ̀ Tọ́kì kò kàn wá, kí ó rántí Richard Burton. Ní 1863, ó wá sí ààfin Glele ní Abomey gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ìwé lórí ọba náà àti àwọn obìnrin ológun rẹ̀ ní 1864. Láti 1885, òun kan náà ni ó ń tẹ ìtumọ̀ Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ kan ni ó kọ méjèèjì. Àwa tí ààfin wa ní Ọ̀yọ́ ní ìwẹ̀fà tirẹ̀, tí ó ní Ìyá Ọba, tí ó ní Ìyá Kéré tí ń tọ́jú adé, tí ó sì ń gbé e lé ọba lórí, ó yẹ kí a tètè fura nígbà tí a bá gbọ́ pé obìnrin ààfin kan kò ní iṣẹ́ ju ìdùbúlẹ̀ lọ.

A kò sọ pé kí ọmọ wa má ka Montesquieu. Faransé gan-an ni ó ń fi Páṣíà bú. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí a ka lẹ́tà Montagu àti ìwé Zeyneb Hanoum tì í, kí ọmọ sì kọ́ láti béèrè pé: ta ni ó kọ èyí? Ṣé ó wọlé? Ta ni ó ń tà á fún? Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, kí ẹgbẹ́ wa rán àwọn ọmọbìnrin wa tí ó wà ní yunifásítì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà ààfin, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀: ní Yorùbá ná, kí ti Faransé tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá náà ń dàgbà, àwọn ayàwòrán kò sì tíì tán láyé.