Iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ girama: Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya ohun tó wà lágbègbè wọn

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun kan náà ni èèyàn máa ń bá nínú kíláàsì iṣẹ́ ọnà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ á gbé tábìlì síwájú, á tẹ́ aṣọ lé e, á to ìgò kan, ọsàn méjì àti abọ́ kan sórí rẹ̀, á sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 máa yà á. Lóòótọ́, ó yẹ kí ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ya ìgò, kó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá àti ibi tí òjìji bọ́ sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n parí sí, tó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdánwò ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà tó di búrọ́ọ̀ṣì mú dáadáa, a jẹ́ pé ìdánwò ni wọ́n kọ́ wọn, wọn kò kọ́ wọn níṣẹ́.

Ohun tó wá ká ni lára jù ni pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú bíi Ọ̀yọ́. Ta ni kò mọ Ọ̀yọ́ mọ igbá fínfín? Ìlú tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ fín ẹja, ẹyẹ, alángbá àti oríṣiríṣi àmì sára igbá ni. Àwọn oníṣẹ́ awọ tó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò aláràbarà wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ìlù náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé láàárọ̀ á kọjá níwájú ìsọ̀ wọn, á dé kíláàsì tán, á máa ya ìgò. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, iná sọ ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ó sì jó ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àti ọjà olówó iyebíye. Ìjọba ti tún ọjà náà kọ́, ṣùgbọ́n bí ọjà àtijọ́ ṣe rí, inú orí àwọn àgbà nìkan ló kù sí, àfi fọ́tò díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn lè rí. Ká ní ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ń lọ jókòó níbẹ̀ láti yà á ni, odindi ọjà ni ìbá wà nínú bébà lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn baba tó ń fín igbá rí. Ọjọ́ ń lọ lórí wọn, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló rí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó yẹ kí ọmọ tó ti pinnu láti fi iṣẹ́ ọnà ṣe ìdánwò àṣekágbá máa ṣe ni iṣẹ́ àkànṣe kan tí yóò gbà á ní odindi sáà kan, tí yóò dá lórí ohun kan ṣoṣo ní agbègbè rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá fi iṣẹ́ ọnà ṣe ìdánwò A-Level, máàkì 60 nínú 100 ló ń ti inú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, tó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, wá. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fún un ló ni 40 yòókù, wákàtí 15 ni wọ́n sì ń fún un láti parí rẹ̀ lójú olùkọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe AP Drawing a máa kó àwòrán 15 sílẹ̀ lórí ìbéèrè kan tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bi ara rẹ̀, wọ́n á sì mú iṣẹ́ 5 tó dára jù lọ kún un. Kò dìgbà tí WAEC bá yí ìdánwò tirẹ̀ padà kí olùkọ́ tó lè ṣe irú èyí níbí. Ọmọ tó bá ti fi oṣù mẹ́ta yàwòrán kò ní bẹ̀rù wákàtí mẹ́ta ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká fi Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ baba kan tó ń fín igbá, kó máa lọ jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọwọ́ baba nìkan ni kó yà: bó ṣe di ọ̀bẹ mú àti bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe tẹ igbá. Lọ́sẹ̀ kejì, kó ya igbá fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, nítorí igbá kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi bébà. Àmì tó wà láàárín á fẹ̀, èyí tó ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ á máa fún pọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Lọ́sẹ̀ kẹta, kó ya ojú baba, lọ́sẹ̀ kẹrin, kó ya gbogbo ìsọ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá po ọ̀dà, tí yóò sì kun àwòrán ńlá kan ṣoṣo láti inú gbogbo ohun tó ti yà.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò ju bíi àádọ́ta kìlómítà sí Ọ̀yọ́ lọ, ìtàn kan wà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní Ògúnlọlá ló pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Aláàfin lẹ́nu, tó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìlú náà ti wá. Báwo ni Ògúnlọlá ṣe dúró lọ́jọ́ náà? Aṣọ wo ló wọ̀? Ẹni tó ń pa ìtàn lè fo èyí, ẹni tó fẹ́ yà á kò lè fò ó. Kí ọmọ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, kó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró kí òun yà á, kó ya àwòrán kéékèèké mẹ́wàá kó tó mú ọ̀kan tí yóò kùn. Ẹni tí ìtàn kò bá wù, kó lọ sí ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò máńgòrò. Àwọ̀ tó wà níbẹ̀ tó yà fún odindi sáà.

Àwọn kan á ní ọ̀dà ti wọ́n jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èédú wà ní ìdáná gbogbo ilé, ẹfun, osùn àti èlú sì wà lọ́jà. Bí wọ́n bá lọ ẹfun tàbí osùn kúnná, tí wọ́n pò ó mọ́ pupa inú ẹyin, ọ̀dà ni. Irú rẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀dà olóróro tó gbalẹ̀.

Àwọn òbí náà ní tiwọn. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ọmọ tí ìwé kò yé ló ń yàwòrán. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí lọ́dún 1882, jà kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn mú Kenneth Murray wá lọ́dún 1927 láti kọ́ni níṣẹ́ ọnà. Lára àwọn tí Murray kọ́ ni Ben Enwonwu. Àwòrán Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, tí Enwonwu yà lọ́dún 1974, ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Gbogbo ọmọ kọ́ ló máa di Enwonwu. Àmọ́ ẹni tó ń ya àwòrán ilé, ẹni tó ń ṣe bátànì aṣọ àti ẹni tó ń ṣètò ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, yíya àwòrán ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí wọ́n gba olùkọ́ iṣẹ́ ọnà sí àwọn ilé ìwé tí kò ní, kí wọ́n má sì fi olùkọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn dí àlàfo náà. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wà ní yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ sì wà ní Ọ̀yọ́. Kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò fi lè máa wá ran àwọn ọmọ girama lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ àkànṣe yìí? Kí àwọn ọ̀gá ilé ìwé fún wọn láyè láti jáde kúrò nínú ọgbà, kí olùkọ́ sì tẹ̀lé wọn. Kí wọ́n má gbàgbé láti fún baba tó ń fín igbá ní owó ìjókòó rẹ̀, nítorí olùkọ́ ni òun náà.

Bí sáà bá parí, kí wọ́n gbé àwọn àwòrán náà kọ́ sí ibi tí ará ìlú á ti rí wọn, kí wọ́n sì pe baba náà wá wò ó. Bó bá wo ọwọ́ tí ọmọ yà, tó ní, “Ọwọ́ mi rèé,” máàkì gidi nìyẹn, kí èsì WAEC tó dé.