Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Epo Wò Láti Ẹbu

Ẹ fi epo pupa kan ìyá mi láhọ́n, yóò sọ fún yín bóyá tuntun ni tàbí ó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Òwò epo ló fi rán mi níléèwé, n kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò mọ òjé. Díẹ̀ tó lè ṣe ọpọlọ ọmọdé níbi kì í yí àwọ̀ epo padà, kì í sì í yí adùn rẹ̀ padà.

Àjọ Codex, tí FAO àti WHO dá sílẹ̀, ní òjé inú epo jíjẹ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.08 lọ nínú kílógíráàmù kan. Ta ló ń wọn ìyẹn lọ́jà wa? Irin tó ń jẹ lára ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹyìn, àgbá tí a kò mọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ rí, ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti hù: ọ̀nà tí òjé lè gbà wọlé pọ̀.

Iṣẹ́ lábù ni mò ń ṣe, mo sì mọ ìdí tí a kì í fi í yẹ̀ ẹ́ wò. Epo ki jù fún ẹ̀rọ tí ń wọn òjé, àfi ká kọ́kọ́ fi ásíìdì nítíríìkì gbígbóná jẹ ẹ́ run. Èéfín rẹ̀ ń ta ni lọ́fun, ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì ṣeé dà sí gọ́tà.

Ọ̀nà mìíràn ti wà. Ní 2003, Andrew Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester fi hàn pé bí a bá po choline chloride, tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ adìẹ, mọ́ yúríà tí àgbẹ̀ ń lò bí ajílẹ̀, nǹkan líle méjèèjì á di olómi. Àwọn onímọ̀ ti wá ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ fa òjé, bàbà àti irin jáde nínú epo. A ó po omi náà mọ́ epo, a ó mì wọ́n, omi náà á gba òjé lọ́wọ́ epo. Òun la ó wá gbé fún ẹ̀rọ. Ká lè mọ̀ pé ọ̀nà yìí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí lábù kọ́kọ́ fi òjé tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú epo, kó wò ó bóyá yóò rí i padà.

Ẹ̀rọ náà ṣì wọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì wa kan ti ní in. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sanwó fún wọn láti máa yẹ epo ọjà wò, kí èsì rẹ̀ sì kọ́kọ́ dé ẹbu, kí wọ́n lè pààrọ̀ àgbá tàbí irin tó ń fa wàhálà. Bí a bá kàn fi ọlọ́pàá kó kẹ́ẹ̀gì ìyá ọlọ́jà lọ, ẹbu ọ̀hún á tún fún òmíràn lọ́la.