Ẹ Jẹ́ Ká Dá Aáró fún Fíìmù Yorùbá

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fíìmù Yorùbá, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún wa. Ọdún 2024 tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Láàárín oṣù méjìlá, a rí Gáà ti Ọ̀yọ́, a rí Líṣàbí ti Ẹ̀gbá, Sáró, olú ẹ̀dá ìtàn Àníkúlápó, tún padà dé, fíìmù lórí ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì náà sì dé sinimá. Ṣùgbọ́n oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà ni Amazon kéde pé ìkànnì fíìmù rẹ̀, Prime Video, kò ní máa náwó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ẹni tó ń bá wa gbé ẹrù ti sọ apá tirẹ̀ kalẹ̀. Ta ni yóò gbé e, bí kì í bá ṣe àwa tí ẹrù jẹ́ tiwa?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń jà fún.

House of Ga'a ni àkọ́kọ́. Bọ́láńlé Austen-Peters ló darí rẹ̀, oṣù keje ló jáde. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Gáà láti inú eré Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972. Ọkùnrin tó ń fi ọba jẹ, tó tún ń lé ọba kúrò lórí oyè, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ká a mọ́. Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà nínú fíìmù yìí, ohùn rẹ̀ sì ni n kò lè gbàgbé: kó tó gbé idà, ẹ̀rù rẹ̀ ti ba gbogbo ààfin. Ìparí rẹ̀ kánjú díẹ̀ lójú mi. Síbẹ̀, mo rí àwọn ọmọdé tí kò ka ìwé Fálétí rí tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí wọn pé ta ni Ọ̀yọ́ Mèsì, kí ni iṣẹ́ Baṣọ̀run. Èwo nínú àwọn ìwé ìtàn wa ló ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Líṣàbí tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. Níyì Akínmọláyan darí rẹ̀, Lateef Adédiméjì ló ṣe Líṣàbí, òun náà ló sì gbé fíìmù náà jáde. Apá kejì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Mo máa padà sórí Líṣàbí láìpẹ́, nítorí òun ló fún mi ní èrò tí mo gbé wá.

Ní oṣù Ọ̀pẹ, Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Seven Doors jáde, ìtàn ọba Yorùbá kan tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Chioma Akpotha ṣe ìyàwó náà débi tí ojú mi fi kún fún omi. Ẹ wò ó pé ọmọ àgbà òṣèré Ọ̀gá Bello ni Fẹ́mi. Kúnlé Afọláyan tó ṣe Àníkúlápó, ọmọ Adé Love ni, ẹni tó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù ńlá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Iṣẹ́ tí àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń ṣe lọ.

Nísinsìnyí, ẹ kíyè sí ohun kan. House of Ga'a, Líṣàbí, Seven Doors, Àníkúlápó onípele tó jáde ní oṣù kẹta: orí Netflix ni gbogbo wọn ti jáde. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo ló di ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù ìtàn wa mú. Bí òun náà bá ṣe bí Amazon ti ṣe ńkọ́? Ta ni yóò rán aṣọ ogun, ta ni yóò kọ́ ààfin, ta ni yóò bọ́ ẹṣin?

Agbára láti ṣe é wà lọ́wọ́ wa. Fúnkẹ́ Akíndélé ti fi hàn wá: A Tribe Called Judah tó gbé jáde ní ìparí 2023 pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, Everybody Loves Jenifa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwa la san owó náà, kì í ṣe òyìnbó. Ohun tí a ṣe fún fíìmù apanilẹ́rìn-ín oṣù Ọ̀pẹ, a lè ṣe é fún fíìmù ìtàn.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi jíjí fíìmù wò sílẹ̀. Ẹ̀yin àgbà rántí Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Ó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ó náwó sí i, ó jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Kí ó tó rí èrè jẹ, àwọn kan ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri ọjà. Ẹni tó pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín wá di ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Ó kú ní 2018, kò sì sí ẹni tó san owó yẹn padà fún un. Lónìí, Telegram ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì ṣe nígbà náà. Bí ẹnìkan bá fi ẹ̀dà tí wọ́n jí ránṣẹ́ sí yín, ẹ pa á rẹ́, ẹ sọ fún ẹni náà pé ẹ kò fẹ́. Bó bá jẹ́ YouTube lẹ ti ń wò, ẹ wá ojú ìkànnì ẹni tó ni fíìmù, nítorí ibẹ̀ ni owó ìpolówó ti ń wọlé fún un.

Mo ní mo máa padà sórí Líṣàbí. Àwọn Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sí bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe lè kó ogun jọ lójú àwọn ìlàrí. Líṣàbí kó àwọn àgbẹ̀ sínú ẹgbẹ́ aáró. Wọ́n ń ti oko ọ̀kan bọ́ sí oko èkejì. Nígbà tó kan Líṣàbí, iṣẹ́ tó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n jọ gba ara wọn sílẹ̀.

Aáró ni mo ń pè wá sí. Kí olúkúlùkù kó ènìyàn mẹ́wàá jọ: ará ilé, ará ibiṣẹ́, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tí ẹ jọ lọ iléèwé. Bí fíìmù Yorùbá tó dára bá dé sinimá, kí gbogbo yín jọ lọ ní Jímọ̀ọ̀, Sátidé tàbí Àìkú àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, nítorí bí àga bá ṣófo níbẹ̀rẹ̀, àwọn onísinimá á gbé àsìkò fíìmù náà fún òmíràn. Mo mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n. Ẹ dá àjọ fún un, kí ẹ máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni kò ní sinimá rárá. Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ṣí gbọ̀ngàn ìlú. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, àwọn onítíátà alárìnkiri ń gbé ẹ̀rọ fíìmù sínú ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn àti iléèwé, àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé. Ẹ bá àwọn tó ni fíìmù ṣe àdéhùn, kí wọ́n tún máa wá.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto, ẹ wo fíìmù wa níbi tí ẹ ti sanwó, ẹ yan ohùn Yorùbá, kí àwọn ọmọ yín jókòó tì yín.

Ẹ má dúró dé oṣù Ọ̀pẹ. Lálẹ́ òní, ẹ pe ẹni mẹ́wàá yẹn, ẹ yan akápò láàárín ara yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àjọ.