Ẹ Jẹ́ Kí Olúmọ Ṣí Lórí Fóònù Kékeré

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwa tí a ń kọ̀wé síbí, a sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́rin gun Òkè Olúmọ pẹ̀lú fóònù lásán. A fẹ́ ṣe àwòrán 3D rẹ̀, irú èyí tí èèyàn lè fi ìka yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, kó wọ abẹ́ àpáta lọ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. A ya fọ́tò tó lé ní irinwó. Ibi tí wọ́n ní ká má yà, a ò yà á. Ojúbọ kì í ṣe ibi eré. Kọ̀ǹpútà wá to àwọn fọ́tò náà pọ̀ di òkúta kan ṣoṣo. Ó rẹwà! Ẹ ó rí abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ibi tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kó tó lè wọlé. Ẹ ó rí àwọn ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ lórí òkúta. Láti 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ni ìtàn Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀, àwa sì rò pé a ti gbé e sínú àpò gbogbo èèyàn.

A fi línkì ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn Olúmọ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò wọ àpótí onígíláàsì. Nítorí tiwọn gan-an la ṣe ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n tẹ línkì náà, ojú fóònù dúdú, ó dúró díẹ̀, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Dátà ti lọ. Wọ́n pè wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé òkúta yín ti wó ni?"

Ohun tó fà á nìyí. Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí a so pọ̀ bí àwọ̀n ni àwòrán 3D; tiwa lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Orí àwọ̀n yẹn la wá ń fi fọ́tò bò, bí ìgbà tí a bá rán aṣọ bo tìmùtìmù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Fọ́tò JPEG kan lè jẹ́ 3MB péré nígbà tí a bá ń wà á sórí fóònù, ṣùgbọ́n bí fóònù bá tú u láti gbé e sójú, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń gbàyè. Fọ́tò tó jẹ́ 4096 lọ́nà 4096 ń gba 64MB nínú RAM. Mẹ́wàá la lò. RAM fóònù Màmá kò ju 2GB lọ, Android fúnra rẹ̀ ti jẹ púpọ̀ níbẹ̀, WhatsApp náà ti jẹ tirẹ̀. Kí ni fóònù ọ̀hún ì bá ṣe ju kó kú lọ?

Èrò wa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe 3D nípa ilẹ̀ wa, láti fóònù tó kéré jù ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ò gbà. Ó ní bíbà á jẹ́ ni dídín in kù, pé ẹni tó bá fẹ́ rí Olúmọ dáadáa, kó lọ ra fóònù gidi. (Òun náà ń lo fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán, ẹ má dá a lóhùn.) Àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn Zamani Project ti University of Cape Town ti ya àwọn ibi àtijọ́ bíi mọ́ṣáláṣí Djenné ní Màlì àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lalibela ní Etiópíà sí 3D, ó sì yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, torí bí nǹkan bá wó lọ́la, òun la ó fi mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣu inú àká kọ́ là ń gún fún àlejò kan.

Irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2017 ni glTF 2.0 ti wà, ọdún yẹn náà ni Google gbé Draco jáde, tó ń fún àwọ̀n náà pọ̀ kó tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. A dín onígun mẹ́ta wa kù sí 100,000, a sọ fọ́tò di 1024, ọ̀kọ̀ọ̀kan di 4MB nínú RAM. Fóònù tí kò bá lè gbé ìyẹn náà, fọ́tò lásán pẹ̀lú ohùn ni yóò rí. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó wúwo ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tún dójú tì wá. A kọ "Ẹ̀gbá" sórí òkúta náà, àpótí òfìfo ló jáde láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ ní àmì tirẹ̀ lódindi nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n Ẹ̀ kò ní. Méjì la ń so pọ̀, fọ́ńtì tí a sì lò kò mọ ìkejì. Ọ̀kan ní ká kúkú yọ àmì ohùn. Rárá o! Fọ́ńtì la pààrọ̀.

Màmá ti ṣí i báyìí. Wọ́n yí i títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá béèrè pé, "Àwọn igi orí rẹ̀ dà?" Àwa la yọ wọ́n, torí ewé ló ń jẹ onígun mẹ́ta jù. Ọjọ́ Sátidé yìí la ń padà lọ yà wọ́n.